Ohun tí mo fẹ́ràn di dandan, ó sì di ẹrù sí mi lọ́rùn: ẹ bá mi dá sí i

Arábìnrin Ìwé

Mo kí gbogbo ilé o. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí a jọ rò ó pọ̀.

Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ìwé ìtàn. Kò sẹ́ni tó ń rán mi sí i, èmi ni mo ń wá a kiri. Nígbà tó yá, ìwé ìròyìn kan ní kí n máa ka ìwé tuntun, kí n sì máa kọ èrò mi nípa rẹ̀ fún àwọn òǹkàwé wọn. Inú mi dùn gan-an, torí ohun tí mo ti ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n fẹ́ máa sanwó fún. Àmọ́ láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti fi ìwé ránṣẹ́, ara mi á kọ̀ ọ́. Màá gbé e, màá tún gbé e sílẹ̀. Màá ṣàdédé rí ilé tó yẹ ní gbígbá àti aṣọ tó yẹ ní kíká. Èyí tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé tí ilẹ̀ bá ṣú, màá fa ìwé mìíràn yọ, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n kà, tó tilẹ̀ nípọn ju ti iṣẹ́ lọ, màá sì kà á títí oorun á fi gbé mi lọ. Nítorí náà, a ò lè sọ pé ó rẹ̀ mí, a ò sì lè sọ pé ìwé ti sú mi.

Kí ló ń fa èyí? Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣe rí, ọgbọ́n wo lẹ dá sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n ṣáà gbìyànjú o. Mo ń gbìyànjú.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ẹ kú ìrònú, àbúrò mi. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ nínú iṣẹ́ náà tó èyí: ọmọ tó ń sáré wá sídìí ìwé, tí a bá ti fi ìdánwò dè é mọ́ ọn tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀. Ní ọdún 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 3 sí 5. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn àwòrán yíyà gan-an ni wọ́n ṣà jọ, àwọn tí wọn kì í dúró dìgbà tí ẹnìkan bá pè wọ́n sídìí kálámù aláwọ̀. Wọ́n sọ fún àwọn kan nínú wọn pé bí wọ́n bá yàwòrán, wọn yóò gba ìwé-ẹ̀rí tó ní èdìdì aláwọ̀ wúrà àti rìbọ́ọ̀nù lára. Àwọn kan yàwòrán láìretí nǹkan kan, wọ́n wá ṣàdédé fún àwọn náà ní irú ìwé-ẹ̀rí yẹn. Àwọn yòókù kò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n tún kó kálámù sílẹ̀ fún gbogbo wọn, wọn ò pe ẹnikẹ́ni sí i, wọ́n kàn ń wò wọ́n láti ọ̀ọ́kán. Àwọn tí wọ́n ti ṣèlérí fún ni kò fi bẹ́ẹ̀ súnmọ́ ọn mọ́. Àkókò tí wọ́n lò nídìí àwòrán kò ju nǹkan bí ìdajì ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tí ẹ̀bùn bá lójijì ń yàwòrán wọn lọ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Ẹ ò rí i pé ẹ̀bùn kan náà ni. Àdéhùn tó ṣáájú rẹ̀ ló ba nǹkan jẹ́. Ọmọ tó yàwòrán nítorí ìlérí ti kọ́ ara rẹ̀ pé nítorí ìlérí ni òun ṣe ń yà á. Tí ìlérí bá wá lọ, kí ló kù tí yóò tún máa yà á sí?

Ọdún 2 ṣáájú ìyẹn, Edward Deci ti rí ohun tó jọ ọ́ lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Eré ìtòpọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Soma ló fún wọn, ẹ̀là 7 ló ní, a sì lè tò wọ́n pọ̀ di oríṣiríṣi ìrísí. Ó sanwó fún àwọn kan lórí èyí tí wọ́n bá tò yanjú. Nígbà tí owó dúró, tó sì fi wọ́n sílẹ̀ nínú yàrá pé kí wọ́n ṣe ohun tó wù wọ́n, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan eré náà bíi ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ìyìn ò ṣe irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó jẹ́ pé ìyìn nìkan ni wọ́n gbà.

Èrò tèmi nípa tiyín ni pé ìfẹ́ ìwé ò kúrò lọ́kàn yín. Ìwé òru yẹn jẹ́rìí sí i. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ yín ni àṣẹ: àṣẹ láti yan ìwé, àṣẹ láti pa á dé bí kò bá dùn, àṣẹ láti kà á tán láìsọ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wádìí èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dùn yín jù, torí oògùn wọn ò papọ̀.

Àkọ́bí Ilé

Tèmi kúrú. Tí mo bá ti ń wá ìgbálẹ̀ láti gbálẹ̀, tí ẹnìkan bá wá sọ pé "Gbálẹ̀ o!", ẹsẹ̀ mi á kú. Ilẹ̀ tí mo fẹ́ gbá tẹ́lẹ̀ náà ni, ìgbálẹ̀ náà ni. Jack Brehm, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, ṣàlàyé èyí ní ọdún 1966: tí ẹ̀dá bá rí i pé wọ́n fẹ́ gba òmìnira kan lọ́wọ́ òun, á wá ọ̀nà tí yóò fi gbà á padà, kódà bí kò bá sí èrè kankan níbẹ̀ fún un. Ohun tó ń ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo máa ń yí nǹkan kan padà nínú bí mo ṣe fẹ́ ṣe é. Yàrá tí wọn ò dárúkọ ni màá kọ́kọ́ gbá. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí, àmọ́ iṣẹ́ náà á tún di tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń pàṣẹ nínú ilé, ẹ máa bi ènìyàn léèrè kí ẹ tó pàṣẹ. "Kí lo fẹ́ kọ́kọ́ ṣe lónìí?" Ó lè jẹ́ pé ẹni náà ti gbéra.

Asáré Òwúrọ̀

Ẹ̀yin ará, a kì í sábà wo ọwọ́ tí àwa fúnra wa ní nínú ọ̀rọ̀ dandan yìí. Èmi ni mo ra aago tó ń ka ìṣísẹ̀, kò sẹ́ni tó fi dandan lé e fún mi. Kí n tó rà á, tí mo bá ń sáré ní àárọ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn ẹyẹ, mo sì máa ń yà sí ọ̀nà tí n kò mọ̀ rí. Nígbà tó dé ọwọ́ mi, òun ni mo ń wò. Tí mo bá gbàgbé rẹ̀ sílé, inú mi kì í dùn sí eré ọjọ́ náà rárá, bí ẹni pé n kò sáré.

Jordan Etkin ṣe ìwádìí lórí èyí, ó sì jáde ní ọdún 2016. Ó ní kí àwọn ènìyàn máa kun àwòrán, kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa kàwé, àwọn kan ń ka iye tí wọ́n ṣe, àwọn kan ò kà á. Àwọn tó ń kà á ṣe púpọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ kò dùn mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ máa bá a lọ lẹ́yìn náà. Ó ní iye kíkà máa ń mú kí ìgbádùn dà bí iṣẹ́ lójú ẹni tó ń ṣe é.

Aago wà fún ìgbà tí mo bá ń múra ìdíje sílẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn ìyẹn, inú àpótí ló ń gbé. N kì í sì í kọ ọ̀nà tí mo sáré sílẹ̀ síbì kankan.

Arábìnrin Ìwé, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ẹ máa ń ka ojú ìwé tó kù tí ẹ bá ń ka ti iṣẹ́?

Arábìnrin Ìwé

Háà, ẹ̀gbọ́n Asáré! Mo máa ń kà á, mo tilẹ̀ máa ń pín in sí ọjọ́ sí ọjọ́: iye báyìí lónìí, iye báyìí lọ́la. N kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìwé òru. Mi ò tíì ronú kan ìyẹn rí.

Olùkọ́, ẹ ṣeun púpọ̀ sà. Mo ń wo àṣẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kà sílẹ̀. Ó dà bí ẹni pé èyí àkọ́kọ́ ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n rò ó dáadáa.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ yìí bá mi nílé. Ọmọbìnrin mi àárín máa ń yàwòrán sí gbogbo ibi tó bá ṣófo. Mo fi í sí ẹ̀kọ́ àwòrán, torí mo rí i pé ẹ̀bùn rẹ̀ ni. Olùkọ́ ibẹ̀ mọṣẹ́, ó sì níwà. Àmọ́ ọmọ náà ò yàwòrán nílé mọ́, àfi iṣẹ́ tí wọ́n bá fún un. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò ni? N kò fẹ́ kí ẹ̀bùn náà ṣòfò, n kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó pa á.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ìyá wa, ẹ má tíì yọ ọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí Richard Koestner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ní ọdún 1984. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń fi ọ̀dà kun àwòrán ni wọ́n lò. Òfin wà pé wọn kò gbọ́dọ̀ da ọ̀dà sílẹ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ dọ̀tí bébà. Àwọn kan gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ: ẹ gbọ́dọ̀ ṣe báyìí, ẹ ṣe bí ọmọ rere. Wọ́n sọ òfin kan náà fún àwọn kan, wọ́n sọ ìdí rẹ̀, wọ́n sì gbà lójú wọn pé ó máa ń dùn mọ́ ènìyàn nígbà mìíràn kó kàn máa ta ọ̀dà káàkiri. Àwọn tó gbọ́ àṣẹ gbígbẹ ni ìfẹ́ wọn lọ sílẹ̀, àwòrán wọn náà ò sì dára tó ti àwọn yòókù. Àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ń yàwòrán wọn lọ bíi ti àwọn tí kò sí òfin fún rárá.

Ohun tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé òfin lè wà kí ìfẹ́ má kú. Bí a ṣe gbé e kalẹ̀ ló ṣe kókó. Ẹ lọ bá olùkọ́ ọmọ yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé nínú iṣẹ́ tó bá fún un, kí ó máa fi nǹkan kan sílẹ̀ tí ọmọ náà yóò yàn fúnra rẹ̀, ìbáà ṣe ohun tí yóò yà, ìbáà ṣe àwọ̀ tí yóò lò. Nílé, ẹ má bi í pé "Ṣé o ti ṣe àwòrán rẹ?" Ẹ má sì gbé èyí tó yà fún ara rẹ̀ han àlejò láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bébà tó ṣófo, kálámù, ibi tó dákẹ́, kí ẹ sì lọ jókòó síbòmíràn. Tí ó bá fi àwòrán rẹ̀ hàn yín, ẹ sọ ohun tí ẹ rí: "Òjò yìí ń rọ̀ lóòótọ́ o, báwo lo ṣe ṣe é?" Ìyẹn sàn ju "O gbayì" lọ, torí ọ̀rọ̀ àwòrán lẹ bá a sọ, ẹ ò fi òṣùwọ̀n wọn ọ́n.

Afọnfèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n ta ko ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo ohun tí ẹ sọ, àmọ́ ó ń dà bí ẹni pé dandan ni ọ̀tá wa.

Fèrè ni mo ń fọn. Tí kì í bá ṣe pé mo gbọ́dọ̀ dé ibi ìfidánrawò, kí n sì mọ ìlà orin tèmi kí àwọn ẹgbẹ́ mi tó dé, ibi tí mo dé nínú fèrè ò ní tó báyìí. Ìgbádùn kan wà tó jẹ́ pé òdìkejì iṣẹ́ ló wà, ẹni tó bá ń ṣe kìkì ohun tó bá wù ú lọ́jọ́ náà kò ní débẹ̀ láé. Ohùn tí kò jáde dáadáa, tí mo fọn ní àfọntúnfọn títí ó fi jáde, kò dùn nígbà tí mo ń fọn ọ́n. Ó ń dùn nísinsìnyí. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka èyí rò pé tí nǹkan bá ti le, àmì pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ nìyẹn.

Edward Deci tí Olùkọ́ dárúkọ, òun àti Richard Ryan ni wọ́n jọ kọ́ èrò yìí di ńlá, wọn ò sì dá dandan lẹ́bi pátápátá. Ohun mẹ́ta ni wọ́n sọ pé ọkàn ẹ̀dá ń fẹ́: kí ó ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kí ó rí i pé òun tó nǹkan án ṣe, kí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì jọ wà níbẹ̀. Wọ́n tún sọ pé dandan ju ẹyọ kan lọ. Ènìyàn lè ṣe nǹkan nítorí ìbẹ̀rù ìjìyà tàbí nítorí owó. Ó lè ṣe é kí ojú má baà tì í. Ó sì lè ṣe é nítorí pé ó mọ ìwúlò rẹ̀, ó gbà pé ó tọ́, bí kò tilẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó dé ibi ìkẹta yìí ń ṣe dandan lóòótọ́, àmọ́ tirẹ̀ ni. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Arábìnrin Ìwé, nígbà tí wọ́n bá fi ìwé ránṣẹ́, ẹ bi ara yín pé nítorí ta ni ẹ ṣe ń kọ ọ́. Òǹkàwé kan wà níbì kan tí kò mọ ìwé tí yóò fún ọmọ rẹ̀. Ṣé òun lẹ ń kọ̀wé sí, àbí olóòtú?

Kọ̀ǹpútà Ni Iṣẹ́ Mi

Mo fara mọ́ Afọnfèrè, mo sì tún fara mọ́ Olùkọ́. Ètò kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ jẹun, òun náà ni eré mi láti ilé-ẹ̀kọ́. Mo ní ètò kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò ń lò, tí n kò ní gbé jáde láé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tó wà. Tí iṣẹ́ bá ti fẹ́ sú mi, ibẹ̀ ni mò ń lọ.

Onífọ́tò

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ owó, torí òun ló kan ọ̀pọ̀ wa. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé kí o sọ ohun tí o fẹ́ràn di iṣẹ́, o ò sì ní mọ̀ ọ́n níṣẹ́. Èmi ò gbà á bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1999, Deci, Koestner àti Ryan kó ìwádìí 128 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èrè tí a ti fi ṣe àdéhùn máa ń dín ìfẹ́ tó wà nínú ẹni sí nǹkan náà kù, àwọn ọmọdé ló sì ń bà jù. Ìyìn àtọkànwá lórí iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe kì í dín in kù, ó máa ń gbé e sókè láàárín àwọn àgbà. Ohun kan tún wà nínú rẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í sọ: iṣẹ́ tó ti súni láti ìbẹ̀rẹ̀, èrè kì í ba nǹkan kan jẹ́ níbẹ̀, torí kò sí ìfẹ́ tí yóò pa. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá fẹ́ fi èrè tan ọmọ, ẹ fi tàn án sídìí ohun tí kò fẹ́ràn. Ohun tó fẹ́ràn, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Ní tèmi, mo pín in sí méjì. Kámẹ́rà kan wà fún iṣẹ́, ọ̀kan wà tí n kì í gbowó lórí rẹ̀, bó ti wù kí ẹni tó bẹ̀ mí ṣe pàtàkì tó. Fọ́tò inú èyí ò sí lórí ìkànnì kankan. Òjìji lára ògiri, ọwọ́ àwọn àgbàlagbà, ohun tí ojú mi ṣáà fẹ́ ni mò ń yà. Nígbà tí mo bá padà sídìí ti iṣẹ́, ojú mi á ti mọ́ sí i.

Mo gbàdúrà kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí owó ṣì le fún lè rí àyè fi apá kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé kò rọrùn, torí tí ilé bá ń béèrè, gbogbo ohun tí ọwọ́ ẹni mọ̀ ọ́n ṣe ló máa ń fẹ́ di títà.

Ọ̀rẹ́ Púpọ̀

Ṣé ẹ ti kíyè sí i pé àdéhùn pẹ̀lú ọ̀rẹ́ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀? A ó fi ayọ̀ dá ọjọ́, a ó dá aago, nígbà tó bá wá ku ọ̀la, ó á dà bí ìpè sí kóòtù. Gabriela Tonietto àti Selin Malkoc tẹ ìwádìí jáde lórí èyí ní ọdún 2016. Wọ́n rí i pé tí a bá fi ìgbádùn sí aago kan pàtó, ó máa ń ní àwọ̀ iṣẹ́, adùn rẹ̀ á sì dín kù. Àmọ́ tí a bá fi í sí àkókò tó fẹ̀ díẹ̀, láìdá aago, ìpalára yẹn ò sí. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ò dá aago mọ́. "Lọ́sàn-án Sátidé, tí ọwọ́ bá ti dilẹ̀," ó tán. A ń ríra wa dáadáa, ẹnikẹ́ni ò sì ń tọrọ àforíjì pé òun pẹ́.

Gbèdéke náà wà lára rẹ̀. Teresa Amabile àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn láti ọdún 1976 pé eré ọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbádùn, tí a bá ti fún wọn ní gbèdéke lórí rẹ̀, wọn kì í fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn náà. Arábìnrin Ìwé, ṣé olóòtú yín lè gba ọ̀sẹ̀ dípò ọjọ́?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n fi ọ̀rọ̀ ìlera kan kún un. Ohun tí Arábìnrin Ìwé ṣàlàyé kò bà mí lẹ́rù, torí adùn ìwé òru ṣì wà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan lè wà tó ń ka èyí tó jẹ́ pé gbogbo nǹkan ló ti di ẹrù sí i, àti èyí tó jẹ́ dandan àti èyí tí kì í ṣe dandan. Orin ò dùn mọ́, ọ̀rẹ́ ò dùn mọ́, oorun ti yí padà, oúnjẹ ò wọlé. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣe wá ọgbọ́n aago àti àdéhùn sí i. Ó lè jẹ́ àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ lọ rí dókítà, ẹ sì sọ ọ́ fún ẹnìkan tó fẹ́ràn yín.

Àwọn kan náà sì wà tí ọpọlọ wọn máa ń kọ dandan láti ìgbà èwe, débi pé wíwẹ̀ àti ìwọṣọ lè di ìjà. Ẹ má pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Tí ẹ bá ní ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ bi àwọn tó mọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé léèrè.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, mo fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí àbúrò mi.

Olùkọ́, mo ti bá olùkọ́ ọmọ mi sọ̀rọ̀, ó sì gbà pé kí ọmọ náà máa yan ohun tí yóò yà lẹ́ẹ̀kan nínú iṣẹ́ méjì. Nílé, mo ti dákẹ́. Kò tíì yà nǹkan kan, àmọ́ ó ti kó kálámù rẹ̀ kúrò nínú báàgì ẹ̀kọ́, ó kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. N kò bi í.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ẹ má bi í o. Ẹ kú sùúrù.

Ẹni Jẹ́jẹ́

Mo ti ń ka èyí láti àná. Kò sẹ́ni tó fi dandan lé mi, n kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kàn sọ fún ara mi pé màá máa kọ ewì lójoojúmọ́ ni. Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí n kò bá kọ, màá bú ara mi. Ọjọ́ tí mo bá kọ, ara kàn máa ń tù mí ni, bí ẹni tó san gbèsè. Ayọ̀ ewì fúnra rẹ̀ ti lọ. Èwo ni ká ti ṣe ìyẹn sí?

Afọnfèrè

Ẹni Jẹ́jẹ́, ìyẹn ni ìkejì nínú mẹ́ta tí mo kà, tí ènìyàn ń ṣe nǹkan kí ojú má baà tì í. Ó le ju ti àṣẹ ọ̀gá lọ, torí ẹ lè kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹ ò lè kúrò lọ́dọ̀ ara yín. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ yí ẹ̀jẹ́ náà padà. Ẹ má ṣèlérí ewì. Ẹ ṣèlérí pé ẹ ó jókòó díẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti kálámù, ẹ sì gba ara yín láyè pé ẹ lè dìde láìkọ nǹkan kan. Kí ìjókòó náà tó. Tí ẹ bá sì fo ọjọ́ kan, ẹ má san án padà lọ́jọ́ kejì. Gbèsè ni ẹ fẹ́ bọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Arábìnrin Ìwé

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Mo ti wá ìdáhùn sí ìbéèrè Olùkọ́, n kò sì rí ohun tí mo rò. Mo rò pé àṣẹ láti yan ìwé ló ń dùn mí. Mo bẹ olóòtú, ó fi àkójọ ìwé ránṣẹ́ kí n yan èyí tó wù mí. Mo yan èyí tí mo ti ń fẹ́ kà tipẹ́tipẹ́. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, ara mi tún kọ̀ ọ́.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìkẹta ni: pé gbogbo ohun tí mo bá kà, mo gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa rẹ̀. Ní ojú ìwé kìíní ni mo ti ń wá ohun tí màá kọ, n kò dúró gbọ́ ìtàn. Nítorí náà, mo ń ka ìwé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀méjì báyìí. Ìgbà àkọ́kọ́, kò sí kálámù lọ́wọ́ mi, mo lẹ bébà bo nọ́ńbà ojú ìwé nítorí ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n Asáré bi mí, mo sì ń kà á lórí ibùsùn lálẹ́, níbi tí mo ti ń ka tèmi. Ìgbà kejì, orí tábìlì ni, pẹ̀lú kálámù, ibi tí mo bá nílò nìkan ni mo ń padà sí. Ó ń gba àkókò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, olóòtú sì ti gbà pé kí n máa mú un wá láàárín ọ̀sẹ̀ dípò ọjọ́ kan pàtó. Èyí tí mo parí báyìí mú mi rẹ́rìn-ín sókè lóru, ọkọ mi jí, ó ní kí n ka ibẹ̀ fún òun.

Afọnfèrè, mo fẹ́ bi yín léèrè nípa òǹkàwé tí ẹ ní kí n máa kọ̀wé sí. Tí ìwé náà kò bá dára, ṣé ẹ rò pé kí n sọ ọ́ fún un tààrà, àbí kí n kọ̀ láti kọ nípa rẹ̀?

Afọnfèrè

Ẹ sọ ọ́ fún un. Ìdí tó fi ń ka ti yín nìyẹn.